Ọjọ́ Tí Mo Gbé Ìyá Mi Lọ Kí Ilé Oníṣòwò Awọ

Ìdájí la kúrò ní Forney, ìlú tí à ń gbé ní Texas, kí oòrùn tó yọ sórí àwọn ilé tuntun àdúgbò wa tó jọra bí ìbejì. Èmi ni mo wà nídìí ọkọ̀, Màmá tó bí mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Tọ́mi ọmọ mi obìnrin sì ti sùn padà lẹ́yìn. Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ máa ń bi mí pé kí la tún ń rí ní Amẹ́ríkà yìí, ìrìn àjò ọjọ́ kan nìyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe fàájì lásán. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Màmá máa padà sí Iléṣà, èmi ò sì fẹ́ kí wọ́n lọ. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú, àwọn nìkan ló ń dá gbé inú ilé ńlá yẹn, orúnkún ń dùn wọ́n, iná mànàmáná sì ń ṣe bó ṣe wù ú. Níbí, nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, ilé ìwòsàn ò sì jìnnà. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní, "Akin, àjò kì í dùn kónílé má relé."

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í tètè gba "rárá". Ẹnìkan níbi iṣẹ́ mi ní Frisco ló sọ ìtàn Batíìsì fún mi: ará Kánádà tó ń sọ èdè Faransé, tó wa ọkọ̀ ojú omi wá ra awọ ẹranko láyé àtijọ́, tó kọ́lé sétí odò ní Oklahoma, tó fẹ́yàwó níbẹ̀, tí wọ́n sì sin ín síbẹ̀. Ilé rẹ̀ ti di ibi tí èèyàn ń lọ wò. Mo ní ẹ̀rí dé nìyẹn! Bí Màmá bá fojú ara wọn rí ibi tí àlejò ti di onílé, bóyá ọkàn wọn á rọ̀. Mo kàn sọ fún wọn pé, "Ẹ jẹ́ ká lọ kí ilé bàbá oníṣòwò kan."

Ọ̀nà 75 la gbà. A kọjá ìlú Allen, níbi tí ìyàwó mi ti máa ń fi owó mi ra bàtà. Títì tẹ́jú, kò sí kòtò, kò sí ẹni tó ń na búrẹ́dì sí wa lójú fèrèsé. Màmá ní ọ̀nà náà dára ṣùgbọ́n ó dákẹ́ jù. Nílé, kí èèyàn tó ti Iléṣà dé Ìbàdàn, á ti bá dírẹ́bà jà, á ti mọ gbogbo ìṣòro ẹni tó jókòó tì í. Mo dúró ra gáàsì, ìyẹn epo bẹntiróòlù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là mẹ́ta fún gálọ́ọ̀nù kan. Màmá fi náírà ṣírò rẹ̀, wọ́n pariwo "Yéè!"

Nígbà tó yá, a kan Odò Pupa tó pààlà Texas àti Oklahoma. Omi rẹ̀ pọ́n bí àgbàrá Iléṣà nígbà òjò. Ibẹ̀ ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Bàbá. Òṣómàáló ni Bàbá, ẹ mọ irú wọn: Ìjẹ̀ṣà tó ń ru aṣọ kiri ìlú onílùú, tó ń tà á láwìn, tó sì ń lóṣòó síwájú ilé ẹni títí onítọ̀hún á fi sanwó. Bí Bàbá bá ti dé láti ìrìn àjò, òórùn aṣọ tuntun la fi ń mọ̀, àwa ọmọ á sì sáré lọ sùn sórí ìdì aṣọ náà. Àárò Bàbá sọ mí gan-an lórí afárá yẹn.

Kó tó di ọ̀sán, a dé ilé Batíìsì. Ìtì igi ni wọ́n fi kọ́ ọ, amọ̀ ni wọ́n fi dí àárín wọn. Dọ́là márùn-ún lowó ìwọlé, arúgbó kì í san. Bí mo ṣe ń sanwó, Màmá ṣí búùtù, wọ́n gbé kúlà jáde pẹ̀lú ìborùn aṣọ òkè nínú ọ̀rá.

"Màmá, kí ni gbogbo èyí?"

"Mọ́ínmọ́ín ni. Ṣé o ò ní ilé bàbá kan la fẹ́ lọ kí? Ọwọ́ òfìfo la fi ń wọlé onílé ni?"

"Màmá, bàbá náà ti kú. Ó ti pẹ́ gan-an."

Wọ́n wò mí títí. "O wá jẹ́ kí n jí ní ìdájí se mọ́ínmọ́ín fún òkú?"

Tọ́mi rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sílẹ̀. Rúùtù, obìnrin tó ń bójú tó ilé náà, bi mí pé kí ló dé. Mo fi ìtìjú ṣàlàyé. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni mí. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Ọ́séèjì, àwọn tó ni ilẹ̀ níhìn-ín kí òyìnbó tó dé. Látọ̀dọ̀ wọn la ti wá. Oúnjẹ yẹn ti délé." Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba kúlà, ó da ìborùn náà bo èjìká. Màmá tẹ eékún díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ará fẹ́ra kù." Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀, Rúùtù ní kò sí àlejò tó tíì kí òun kú ọ̀fọ̀ bàbá náà rí.

Ó fi awọ bífà hàn wá. Ẹranko inú omi ni bífà, ó dà bí òkété ńlá, irun rẹ̀ làwọn ará Yúróòpù fi ń ṣe fìlà. Batíìsì á kó ìkòkò, àáké àti bùláńkẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọdẹ láwìn, bí òtútù bá lọ, á wá gba awọ. Màmá pàtẹ́wọ́. "Òṣómàáló ni!"

Inú mi dùn. Rúùtù sọ bí Batíìsì ṣe kọ́ èdè àna rẹ̀, bó ṣe gbin àgbàdo, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe gbà á. Mò ń túmọ̀ gbogbo rẹ̀ bíi lọ́yà tó ń wo ojú adájọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ ti ìyá Batíìsì ní Kánádà. Bí yìnyín bá ti yọ́, tí ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ń padà bọ̀, ìyá náà á lọ dúró létí odò. Batíìsì á fi ẹ̀bùn ránṣẹ́, á ní ọdún tó ń bọ̀ lòun ń bọ̀.

Mi ò túmọ̀ ìyẹn.

"Kí ló wí?" Màmá bi mí.

"Ó ní... ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀."

Tọ́mi, tí Yorùbá rẹ̀ kì í kọjá "ẹ káàárọ̀, Mà", ló lanu. "Daddy, that's not what she said. Grandma, ìyá ẹ̀ dúró. Ó dúró, dúró, dúró. He never came."

Màmá yíjú sí Rúùtù. Wọ́n wá ní kí n bi Rúùtù pé kí lorúkọ ìyá náà. Rúùtù mirí. Ó ní àwọn mọ orúkọ Batíìsì, ti ìyàwó rẹ̀, ti àwọn ọmọ rẹ̀, kódà àwọn mọ orúkọ ajá rẹ̀. Ti ìyá, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí a ń wakọ̀ padà sílé, gbogbo àrọwà tí mo ti tò sílẹ̀ fún àbọ̀ ìrìn àjò ti fò lọ lọ́kàn mi. Màmá ló sọ̀rọ̀.

"Akin, torí kí èmi lè gbàgbé ilé lo ṣe mú mi wá wo ọkùnrin yẹn. Èmi kọ́ ni Batíìsì. Ìwọ ni. Èmi ni obìnrin etí odò."

Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Láti ìgbà tí a ti sin Bàbá, mi ò tíì délé. Gbogbo ọdún Kérésìmesì ni mo ń sọ pé ó di èyí tó ń bọ̀. Omi bọ́ lójú mi, mi ò ní purọ́. Màmá nawọ́ tíṣù sí mi, wọ́n ní kí n máa wo iwájú.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí a wọ Forney. Bí mo ṣe pa ọkọ̀, Tọ́mi ò sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Grandma, what's your name? Like, your real name?"

Ojú tì mí. Àwa kì í pe àgbà lórúkọ, nítorí náà ọmọ mi ò gbọ́ ọ rí nínú ilé wa.

"Ibílọlá," ni Màmá wí. "Nílé, àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń pè é látorí ògiri láàárọ̀. Níbí, kò sẹ́ni tó dàgbà tó láti pè mí bẹ́ẹ̀."

"Ibílọlá," ni Tọ́mi wí.

Mo ti lanu láti bá a wí. Màmá gbọ́wọ́ sókè sí mi. "Fi í sílẹ̀. Tún un pè, ọkọ mi."

Ó tún un pè. Màmá sì jẹ́ "Oo!" pẹ̀lú ohùn kan tí mi ò tíì gbọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dé Amẹ́ríkà. Kí n tó bọ́ bàtà, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú méjì kún tiwọn, tèmi àti ti ọmọ mi. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò gùn: kí ìyá mi lọ máa gbé níbi tí wọ́n ti ń pe orúkọ wọn, kí èmi náà sì máa wá gbọ́ ọ.