Aṣọ Tó Kù Lórí Òfì

Ó ku ọdún mélòó kan kí a gba òmìnira, ọyẹ́ ọdún náà sì mú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Wọ́n ti ń dáná sun igbó lórí àwọn òkè tó yí Kàbà ká, eérú ń já bọ́ sínú àgbàlá wa bí èlùbọ́. Ó ń bọ́ sórí aṣọ tí ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ lórí òfì kí àìsàn tó dá a wó. Èmi ni mo ń gbọn ọ́n nù, èmi náà ni mo ń hun èyí tó kù, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣeé gbé sókè mọ́. Aṣọ ìsìnkú rẹ̀ ni.

Nílé wa, obìnrin tó bá mọ aṣọ hun kì í wọ ilẹ̀ nínú aṣọ ọjà. Ìtìjú ńlá ni. Dókítà ti ní kí a máa gbé e lọ sílé. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ mí ni pé kí n parí aṣọ náà kí òun tó lọ.

Ẹ wò ó, mo kórìíra aṣọ yẹn. Ọkàn mi ń sọ fún mi pé bí kò bá tán, ikú á ní láti dúró dè é. Bí mo bá jókòó sídìí òfì, etí mi á wà ní yàrá, níbi tó ti ń wúkọ́ lẹ́yìn ògiri. Àwọn àlejò tó ń wá kí i náà ò dáwọ́ dúró. "Okun o, okun o," ni wọ́n ń kí wa láti àárọ̀. Ará Ìyah-Gbẹ̀dẹ̀ dé, ará Mọpà dé, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni pé òkú ti wà nílẹ̀. Ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́, òwú ń já.

Lọ́jọ́ kan ìyá mi pè mí.

"Ohùn àlejò lò ń hun, ọmọ mi, o ò hun aṣọ. Mo ń gbọ́ pákó rẹ." Pákó pẹlẹbẹ tí a fi ń gbá òwú mọ́ra ló ń wí.

"Yèyé, báwo ni mo ṣe fẹ́ fọkàn sí i?"

"Ikọ́ yìí, tèmi ni. Òwú ni tìẹ. Bí mo bá ṣáà ti ń gbọ́ pákó rẹ, ọkàn mi á balẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun sí mi. Nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí mo ti gbàyè wá sílé, òyìnbó obìnrin tó ń kọ́ wa ti sọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́gbọ́n ayé àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Sítọ́ìkì. Wọ́n ní kí èèyàn ya ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kò sí níbẹ̀, kó sì gbájú mọ́ tirẹ̀. Mo ti kọ ọ́ nínú ìdánwò, mo sì gba máàkì. Ṣùgbọ́n nídìí òfì, inú bí mi sí wọn. Ṣé àwọn baba wọ̀nyẹn kò ní ìyá ni?

Síbẹ̀ mo gbìyànjú rẹ̀, torí kò sí ohun mìíràn tí mo lè ṣe fún un. Bí ikọ́ bá dún, màá wí fún ara mi pé èyí kì í ṣe tèmi, màá fa òwú kan. Àlejò á kí, màá dáhùn, màá fa òmíràn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èéfín bo oòrùn. Ojú ọ̀run pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àwọn adìẹ sì ń wọlé sùn nígbà tí ilẹ̀ kò tíì ṣú. Ẹ̀rù bà mí. Mo fa òwú kan. Kò pẹ́, gbogbo ariwo kúrò létí mi. Funfun, dúdú, pákó. Funfun, dúdú, pákó. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò pọkàn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo gbá òwú ìkẹyìn mọ́ra. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé n kò gbọ́ ikọ́ mọ́.

Mo sáré wọ yàrá. Àbúrò ìyá mi, tó ń tọ́jú rẹ̀, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Ó ti pa á lójú dé. Mo di ọwọ́ ìyá mi mú. Ó ti tutù.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò pè mí?" Mo pariwo mọ́ ọn.

"Mo fẹ́ pè ọ́," ó ní, ẹkún ń gbọ̀n ọ́n. "Ó di apá mi mú. Ó ní kí n jẹ́ kí òun máa gbọ́ pákó rẹ."