Bẹ́ǹṣì Iwájú Ilé Bàbá

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fara mọ́ bí mo ṣe kọ ọ́. Kíláàsì kẹrin ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, n kò sì fi bẹ́ẹ̀ kọ nǹkan kan láti ìgbà náà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló gbà mí tọ́ ní Adó lẹ́yìn tí bàbá mi kú. Bàbá ni èmi náà ń pè é. Tíṣà ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn sójà fẹ́ gbé ìjọba sílẹ̀, ó ní òun máa lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Àkúrẹ́. Ó rìn dé Ìgbẹ̀mọ, ó rìn dé Ìgèdè, ó ń bi gbogbo ẹni tó bá pàdé pé ọmọ agboolé wo ni, títí ohùn rẹ̀ fi ha. Èmi ni mo ń gún iyán fún àwọn tó ń bá a rìn.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mo fẹ́ kọ́. Ìyá Mùsùlùmí kan tó ń ránṣọ nítòsí Ọjà Ọba ti ní òun á gbà mí. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, ọmọbìnrin kì í dá lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó tọ́ ọ ló máa mú un lọ, tí yóò fà á lé ọ̀gá lọ́wọ́. Ìyàwó Bàbá bá mi sọ ọ́ fún un.

Bàbá ní, "Ká dìbò tán ná. Èmi fúnra mi ni màá mú un lọ."

A dìbò, ó wọlé. Ó wá di pé Àkúrẹ́ ló ń wà, tó bá di òpin ọ̀sẹ̀ á padà wálé. Kó tó jí, bẹ́ǹṣì iwájú ilé á ti kún. Ẹlòmíràn fẹ́ omi ẹ̀rọ, ẹlòmíràn fẹ́ tíṣà fún ilé ìwé abúlé wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jókòó ni Bàbá ń kọ́kọ́ dá lóhùn. Nígbà tí wọ́n bá fi máa lọ tán, oorun á ti gbé Bàbá lọ lórí àga.

Ní Sátidé kan, ìyá télọ̀ ránṣẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni kò bá mú mi wá títí di Mọ́ńdè, òun á gba ọmọ mìíràn. Mo gbé omi lọ fún àwọn àlejò, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá arúgbó kan láti Ìgbẹ̀mọ wò mí. "Ọnọ́rébù, ṣé ẹ gé ahọ́n ọmọ yìí ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá tèmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ o! Òun nìkan ni kò tíì tọrọ nǹkan lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ tí mo ti wọlé."

Mo kó àwọn ife. Ní ilé ìdáná, mo sọ iṣẹ́ tí ìyá télọ̀ rán fún ìyàwó Bàbá.

Ó ní, "Ṣe sùúrù. Ọmọ ulé kì í du Bàbá mọ́ àlejò lọ́wọ́."

Mo ní, "Ó dáa, mà." Mo fọ àwọn ife náà. Inú kò bí mi, ẹkún kò sì wá. Mo tún fọ àwọn tó ti mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo tètè jí. Mo pọn omi, mo gbálẹ̀, mo wẹ̀. Mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, mo gba ẹ̀yìn ilé yí wá síwájú, mo jókòó ní ìkángun bẹ́ǹṣì, kí àlejò kankan tó dé.