Àpótí Tó Fẹ́ Gba Ẹ̀yìn Ọkọ Mi Là

Ọkùnrin kan wà tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin bí ẹní ń bẹ ọsàn. Ọkọ mi ni. Ẹ̀rọ náà ti dàgbà ju àkọ́bí wa lọ, mọ́tò oníná tó ń yí i kò sì ní ìkejì. Iná fáásì mẹ́ta ni mọ́tò ọ̀hún ń jẹ, fáásì kan péré sì ni iná àdúgbò wa. Jẹnẹrétọ̀ la fi ń bá a yí i, títí jẹnẹrétọ̀ fi dákẹ́.

Ọmọ àbúrò ọkọ mi, obìnrin ni, iṣẹ́ iná ló ń ṣe, òun ló gbé àpótí kan wá, tó kàn án mọ́ ògiri. Fáásì kan wọlé, mẹ́ta jáde. Àpótí náà tún ní kókó kan: téèyàn bá yí i sọ́tùn-ún, ẹ̀rọ á sáré, téèyàn bá yí i sósì, á máa rìn bí aláboyún.

Ọkọ mi rí kókó yẹn, ó mí kanlẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí irin bá nípọn, tó fẹ́ kí ó rọra yí, àfi kó kúnlẹ̀, kó ṣí ìdérí ìsàlẹ̀, kó ká bẹ́líìtì tó so mọ́tò mọ́ ẹ̀rọ kúrò lórí kẹ̀kẹ́ kékeré sí orí kẹ̀kẹ́ ńlá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti kọ iṣẹ́ yẹn. Bó bá ti ń kúnlẹ̀, eegun rẹ̀ á máa dún bí igi gbígbẹ.

Ó ní, "Ìyá wọn, mo ti bọ́ o. Ìka ni n ó máa fi ṣe é."

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ìka ṣe é, lórí ọ̀pá irin ńlá kan tí wọ́n gbé wá láti ibi ẹ̀rọ tó ń fa omi. Kò fọwọ́ kan bẹ́líìtì. Kókó wà lósì pátápátá. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo gbé omi lọ fún un, òórùn bí ike tó ń jóná ló pàdé mi. Mo gbé ọwọ́ lé mọ́tò, kíá ni mo gbé e kúrò. Ibà ọmọdé kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ pa á! Bàbá wọn, ẹ pa á!"

A ránṣẹ́ sí ọmọ wa oníṣẹ́ iná. Kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ sun mọ́tò yìí jẹ ni?"

"Àpótí rẹ ni kí o bi."

"Àpótí ò jẹ̀bi. Fáànù tó ń fẹ́ mọ́tò yìí, ìdí mọ́tò náà ló wà, àwọn méjèèjì jọ ń yí ni. Bí mọ́tò bá ń wọ́, fáànù á máa wọ́. Báwo ni mọ́tò ṣe fẹ́ máa mí? Ẹ jẹ́ kí mọ́tò sáré, kẹ́ ẹ fi bẹ́líìtì dẹ irin yín lẹ́sẹ̀."

"Bẹ́líìtì kẹ̀?"

"Bíi ti àtijọ́. Bó bá tún gbóná báyìí, wáyà inú rẹ̀ á jó, ẹ ò sì ní rí irú rẹ̀ rà mọ́."

Ọkọ mi yí kókó padà sọ́tùn-ún. "Mo rò pé mo ti bọ́ ni." Ohùn rẹ̀ gan-an ti rẹ̀.

"Ẹ kúkú ta ẹ̀rọ yìí, kẹ́ ẹ sinmi," ọmọ wa ní.

"Kí n wá máa jókòó ti ìyá yìí láti àárọ̀ dalẹ́? Iṣẹ́ nìyẹn náà."

"Èmi náà ò bẹ̀ yín," mo ní.

Nígbà tí mọ́tò tutù, ọkọ mi di tábìlì mú, ó fi orúnkún kan kanlẹ̀, ó sinmi, ó fi èkejì kanlẹ̀. Ó ká bẹ́líìtì sórí kẹ̀kẹ́ ńlá. Ó ní kí ọmọ wa tan án. Mọ́tò ń sáré, irin ń rọra yí. Níbi tó kúnlẹ̀ sí, ó gbé ọwọ́ lé mọ́tò, ó pẹ́, kò gbé e kúrò.

"Ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni," ó ní. "Ẹ wá fà mí dìde."

Mo dì í lápá ọ̀tún, ọmọ wa dì í lápá òsì. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹta kó tó dìde.