Fíìmù Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Tíì Yà Tán

Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní àdúgbò, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí bàbá wa sọ ọ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa ń ya oníbàárà. O lè ṣẹ́jú, ọmọ rẹ lè bú sẹ́kún, kò kàn án. "Fíìmù kì í ṣe omi ẹ̀rọ," ni yóò wí, yóò sì dé ojú kámẹ́rà. Ahun ni. Ọmọ ìyá mi ni, mo lè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó nídìí tó fi háwọ́. Owó fíìmù wà, owó bébà wà, owó oògùn tó fi ń fọ fíìmù náà wà, oògùn ọ̀hún kì í sì í pẹ́ bàjẹ́ tó bá ti lè po omi mọ́ ọn. Nítorí náà, fíìmù tí kò bá tíì kún, ẹ̀gbọ́n mi kì í fọ̀ ọ́. Oníbàárà á wá, á tún padà wá, "Fíìmù ò tíì kún" náà ni yóò máa gbọ́.

Nígbà tó yá, ó ra kámẹ́rà dígítà. Wọ́n ní kò jẹ fíìmù, pé èèyàn lè yà á láti àárọ̀ di alẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀fẹ́ kẹ̀! Wọn ò sọ fún un pé ó ń jẹ bátìrì, pé ó fẹ́ kọ̀ǹpútà, ó fẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà sì ń mu yíǹkì bí ọ̀mùtí. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti fíìmù, díẹ̀díẹ̀ lowó rẹ̀ ń jáde lápò. Ti dígítà, ẹ̀ẹ̀kan náà ló wó lé e lórí. Bó ṣe pinnu nìyẹn láti ta kámẹ́rà onífíìmù, kó fi ra bátìrì kejì. Géndé kan tó ń kó kámẹ́rà àtijọ́ jọ ṣe ọ̀ṣọ́ ilé, tí kò lo fíìmù rí, ní òun á rà á, ẹ̀gbọ́n mi sì dá a lóhùn pé kó wá ní ìrọ̀lẹ́, torí àyè fọ́tò méjì tó fẹ́ kọ́kọ́ yà tán ṣì kù nínú fíìmù tó wà níkùn rẹ̀ látìgbà tó ti ra dígítà.

Yàrá tí mo ti ń ránṣọ ló kángun sí ti ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀kùn la fi pààlà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, obìnrin kan wọlé, ó wọ aṣọ dúdú, ó fa ọmọ kékeré kan lọ́wọ́. Mo rántí rẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló gbé ọmọ yẹn wá nígbà tó ṣì wà ní jòjòló. Ọmọ ń ké, ọkọ ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún un yà, ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ jálẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo wá béèrè fọ́tò wa," ni obìnrin náà wí. "Ọkọ̀ tí bàbá ọmọ yìí wọ̀ ló dànù. Fóònù ẹ̀ tí fọ́tò wa wà nínú ẹ̀ náà fọ́ yángá. Ọmọ ò ní mọ ojú ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ pé fíìmù kún tàbí kò kún. Ó ní, "Ẹ jókòó. Màá fọ̀ ọ́ fún yín báyìí." Ó gbé kámẹ́rà onífíìmù sórí tábìlì, ó wọ yàrá ẹ̀yìn lọ po oògùn.

Kò tíì jáde tí géndé wa fi dé, ìrọ̀lẹ́ ò yé e. Ó kí mi, ó gbé kámẹ́rà náà, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwá sẹ́yìn. "Àǹtí, ibo ni wọ́n ti ń wo fọ́tò nínú èyí?" Kí n tó ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó ti fa nǹkan kan sókè, ẹ̀yìn kámẹ́rà sì là gbàgà sójú oòrùn ẹnu ọ̀nà.

Mo fò mọ́ ọn, mo pa á dé. Ẹ̀gbọ́n mi ti yọ sí wa, ó gbọ́ ìró rẹ̀.

"Ṣé ó pẹ́ kẹ́ ẹ tó pa á dé?"

"Kò pẹ́," ni mo wí.

Obìnrin náà dìde. "Kí ló dé? Fọ́tò wa ńkọ́?"

"Ìmọ́lẹ̀ ti wọ inú ẹ̀. Èyí tí mo yà gbẹ̀yìn ló wé lé gbogbo ẹ̀ lórí, òun ni ìmọ́lẹ̀ máa kọ́kọ́ jó. Tiyín wà lábẹ́ ẹ̀." Lẹ́yìn náà ló wò mí.

Mo mọ ohun tó wà lókè. Ìyá wa ni. Òun nìkan ni Ẹ̀ẹ̀kan yà lẹ́ẹ̀mẹ́ta rí láyé, lọ́jọ́ tí màámi yà kí wa, tí mo dá àpárá kan, tí wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Kò pẹ́ sígbà náà ni àìsàn fa ẹnu wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bo ẹnu sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń béèrè fọ́tò wọn. Àní àwọn náà, "Fíìmù ò tíì kún" ni wọ́n ń gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá ẹ̀yìn. A dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, à ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà, bó ṣe ń mi agolo oògùn. Obìnrin náà di apá mi mú, ó dùn mí, mi ò yọ ọ́. Géndé náà dúró síta, kò lè wọlé, kò lè lọ. Ọmọ kékeré ń fi téèpù mi ṣeré. Inú ń bí mi débi pé mi ò lè gbàdúrà.

Nígbà tó jáde, fíìmù ń kán tótó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sójú fèrèsé. Ìparí rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, àyè méjì tí kò tíì yà, àti mẹ́ta ti màámi. Èyí tó tẹ̀ lé e dúdú létí, ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́ta wà láàárín rẹ̀.

"Òun nìyẹn," ni obìnrin náà wí. "Ẹ wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ ń ké, ó ń rẹ́rìn-ín." Ó sunkún, ó nu ojú, ó wá nàka. "Àwọn tó dúdú yìí ńkọ́ mà? Ti ta ni wọ́n?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ẹ jẹ́ kó gbẹ."

Nígbà tá a délé, ìyá wa jókòó lórí àga wọn, ọwọ́ wà lẹ́nu. "Ẹ̀ẹ̀kan, fíìmù yẹn ò tíì kún síbẹ̀?"

Ó kúnlẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ fún wọn láìfi ọ̀kan pa mọ́. "Ẹ̀rín yín ti jóná, màámi."

Màámi gbójú sókè wò ó.

"Ọmọ yẹn, ṣé ó máa rí bàbá ẹ̀ nínú tiẹ̀?"

"Ó máa rí i, mà."

Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu. "Lọ gbé èyí tí kì í jẹ fíìmù yẹn wá. Má sì yà mí lẹ́ẹ̀kan o."

Ẹ̀gbọ́n mi yà wọ́n títí bátìrì fi kú.