Ákítọ̀ Kì í Kú

Jókòó, kí o máa kọ ọ́ bí mo bá ṣe ń sọ ọ́. Má bá mi fi ọ̀rọ̀ ilé-ìwé dárà sí i.

O bi mí lánàá bóyá eré tí àbúrò rẹ ń ṣe lórí fóònù yẹn yẹ ọmọdé. Mo lọ jókòó tì í, mo wò ó. Ọkùnrin kan gbé ìbọn, ó ń sá kiri, ó ń pa èèyàn bí ẹni ń pa eṣinṣin, ẹ̀jẹ̀ ń ta sára ògiri. Kò pẹ́, wọ́n yìnbọn pa òun náà. Mo figbe ta. Àbúrò rẹ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀mí mẹ́ta ni mo ní, ó ṣẹ́ ku méjì." Láti ìgbà náà ni oorun ò ti kùn mí. Bàbá yín ní òun máa gba fóònù, ìyá yín ní eré lásán ni, kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀, wọ́n wá ní kí n dá sí i. Èmi ò mọ̀wé, n ò sì mọ fóònù. Èyí tí mo mọ̀ ni kí o kọ.

Ní Fìdítì, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, mọ́tò kan máa ń wá polówó oògùn orí fífọ́. Lọ́sàn-án, á yí ìlú ká, á máa pariwo. Tí àwọn ọkùnrin bá ti kírun tán lálẹ́, wọ́n á ta aṣọ funfun sí pápá ilé-ìwé, wọ́n á fi sinimá hàn wá lọ́fẹ̀ẹ́. Tọmọdé tàgbà ló ń gbé àpótí ìjókòó lọ. Àwọn ará Ṣáínà ló máa ń wà nínú sinimá náà, wọ́n ń fò bí ẹyẹ, wọ́n ń fi idà ṣá ara wọn. A ò gbọ́ èdè wọn. Ìjà la gbọ́.

Ẹni tí ìtàn náà dá lé lórí, ákítọ̀ là ń pè é. Gbogbo àwọn tó ń bá a jà, ọ̀tá ni wọ́n. Kò sì sí ọmọdé tí kò mọ̀ pé ákítọ̀ kì í kú. Wọ́n lè ṣá a lọ́gbẹ́, wọ́n lè jù ú sí kànga, á dìde ṣáá ni.

Àfi ọjọ́ kan tí ákítọ̀ kú. Wọ́n gún un lẹ́yìn lórí odi, ó fò sílẹ̀, kò dìde mọ́, sinimá parí. Àkọ́bí mi ọkùnrin sunkún délé, kò fẹnu kan oúnjẹ. Nígbà tí mọ́tò yẹn tún padà wá, lásìkò tí ọsàn pọ́n, sinimá mìíràn ni wọ́n gbé wá. Ẹ wá wo ọkùnrin yẹn lórí aṣọ! Ojú kan náà, ẹ̀rín kan náà, ó jókòó, ó ń jẹun! Pápá dàrú. Ìyá ọkọ mi di àpótí rẹ̀ mú.

"Yéè! Àkúdàáyà ni! Ó kú ní ìlú kan, ó wá ń jayé ní ìlú mìíràn. Ẹ má pe orúkọ rẹ̀ o, á pòórá!"

Tíṣà kan tó wà lẹ́yìn wa ní, "Ìyá, iṣẹ́ wọn ni. Kò kú rárá."

"Ìwọ tíṣà yìí, ṣé ojú mi kọ́ ni wọ́n ṣe gún un ni? Àbí ojú mi ò dá?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi nìkan ni kò rín. Bí a ṣe ń lọ sílé, ó fà mí láṣọ. "Màámi, bí èèyàn bá kú ní Fìdítì, ṣé wọ́n lè rí i ní Ìlóra?"

Mo ní, "Ìlóra ti sún mọ́ jù. Àkúdàáyà kì í gbé ìtòsí."

Ọkọ mi ò fẹ́ràn sinimá náà. Oko ọ̀pẹ̀ òyìnbó ló ń dá, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Ọmọ tó ń wo ẹ̀jẹ̀ lálẹ́, kí ló máa fẹ́ rí tílẹ̀ bá mọ́?" Ìyá rẹ̀ dá a lóhùn láti inú yàrá: "Nígbà tí ìwọ wà léwe, ta ló ń fi igi lé ewúrẹ́ mi kiri, tó ń pe ara rẹ̀ ní jagunjagun? Ta lo wá pa?" Ta ló lè bá ìyá rẹ̀ jiyàn?

Àbúrò ọkọ mi tó kéré jù, ẹgbẹ́ ni òun àti ọmọ mi. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, nítorí náà Ọkọ Kékeré ni mò ń pè é. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, inú rẹ̀ á dùn, á ní, "Ìyàwó, dìde." Tí wọ́n bá ti ilé-ìwé dé, wọ́n á kó ara wọn lọ sí àlàpà kan lẹ́yìn ilé wa, níbi tí igi ọsàn wà, wọ́n á máa ṣe eré sinimá. Ọmọ mi ni ákítọ̀, Ọkọ Kékeré ni ọ̀tá. Báyìí ni gbogbo agboolé ṣe sọ mí di Ìyá Ákítọ̀. Orúkọ náà dùn mọ́ mi.

Tí wọ́n bá pa ẹnì kan, á dùbúlẹ̀, wọ́n á fi ewé ọsàn bò ó lójú, wọ́n á yí i ká, wọ́n á máa sunkún irọ́ bí àgbàlagbà. Bí òkú bá rẹ́rìn-ín lábẹ́ ewé, ó ba eré jẹ́ nìyẹn. Tí ẹkún bá sú wọn, wọ́n á pariwo, "Sinimá míì!" Òkú á sì dìde.

Lọ́jọ́ kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gún iyán tán ni wọ́n sáré wọlé. Ọkọ Kékeré ló ṣáájú, òógùn bò ó.

"Ìyàwó o! Ákítọ̀ ti kú! Èmi ni mo pa á!"

"Ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́ ogun. Ẹ ní kó jí, iyán ti délẹ̀."

"Kò gbọ́! A ti pe sinimá míì títí, kò dìde. Ó mọ òkú ú ṣe ju gbogbo wa lọ!"

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rín. Mo bu iyán fún wọn, mo bu tirẹ̀ sọ́tọ̀. Wọ́n ti ń jẹ ẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan tó gbá mi láyà. Ọmọ mi yìí, kì í lè mú ẹ̀rín mọ́ra. Kò sí ọjọ́ tí kì í ba eré jẹ́ lábẹ́ ewé.

Mo ní, "Ọkọ mi, ṣé kò rẹ́rìn-ín?"

Ó ní, "Kò rẹ́rìn-ín rárá."

Mo ju ìgbakọ sílẹ̀.

Orí àlàpà ló ti fò, bí ọkùnrin Ṣáínà yẹn ṣe fò. Òkúta wà nínú koríko. Ewé ọsàn ṣì wà lójú rẹ̀, wọ́n tò ó dáadáa. Má bi mí ju ìyẹn lọ.

Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Wọn ò jẹ́ kí n mọ ibẹ̀, torí òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Ọkọ mi ò sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti wí. Ọkọ́ ló gbé, ó lọ wó àlàpà náà, ó wó o títí ó fi dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò jókòó sórí àpótí yẹn mọ́. Kò sì sẹ́ni tó tún pè mí ní Ìyá Ákítọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣèèṣì, á gbé ọ̀rọ̀ mì.

Ọkọ Kékeré ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá bá wa kẹ́dùn pé, "Èmi ni mo pa á." Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ ò pa á. Òkúta ni." Kò gbà. Òun ló fi igi kàn án lẹ́yìn, òun ló sì figbe bọnu pé òun ti pa á. Ó ti di baba ọlọ́mọ báyìí, o mọ̀ ọ́n. Ìwọ náà ti rí i pé ẹlòmíràn ló ń bá a dú àgbò Iléyá rẹ̀, tí òun á wọ yàrá lọ títí wọ́n á fi ṣe tán.

Èmi náà ní tèmi. Nígbà yẹn, mo ń ru ọ̀pẹ̀ òyìnbó kiri tà, mo dé Akínmọ̀ọ́rìn, mo dé Awẹ́. Ìlú tí mo bá dé, àwọn ọmọkùnrin ni mò ń wò kí n tó wo oníbàárà. Mo ti sọ fún un pé Ìlóra sún mọ́ jù. Mo wá ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọ̀rọ̀ ẹnu mi ó jẹ́ irọ́. Lọ́jọ́ kan ní Ìlóra, ọmọ kan kọ ẹ̀yìn sí mi, orí rẹ̀ rí ṣóńṣó lẹ́yìn bíi ti ọmọ mi, ó ń rẹ́rìn-ín tí kò lè mú mọ́ra. Orúkọ ti dé orí ahọ́n mi. Mo rántí pé tí a bá pè é, á pòórá. Mo pa ẹnu dé pẹ̀lú ẹrù lórí. Ó yà sí kọ̀rọ̀ ilé kan, mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Mo jẹ́ kó máa lọ.

Sọ fún bàbá yín pé eré yẹn ò yẹ ọmọ tó bá ń ka ẹ̀mí rẹ̀ ní mẹ́ta. Kó gba fóònù náà. Ṣùgbọ́n kó má lù ú, kó má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan.

Wò ó, ilé ti dákẹ́ jù. N ò gbúròó àbúrò rẹ láti ẹ̀ẹ̀kan. Gbé bírò yẹn sílẹ̀. Lọ sọ fún un pé oúnjẹ ti délẹ̀. Má pè é láti ẹnu ọ̀nà o. Wọlé lọ, kí o fi ojú ara rẹ wò ó.