Ife Iyọ̀ Mẹ́fà

Ìyá Òṣùwọ̀n ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ilé ìdáná ilé ìwòsàn tí àwa méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Orúkọ yẹ̀yẹ́ ni. Òun ló ń ṣọ́ yàrá tí a ń kó èlò oúnjẹ sí, èmi sì ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Gbogbo wa là ń fi ife wọn nǹkan. Òun nìkan ló máa ń gbé e sórí òṣùwọ̀n lẹ́yìn tó bá ti fi ife wọ̀n ọ́n tán, tí á sì kọ iye gíráàmù rẹ̀ sínú ìwé. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni wọ́n fi ń fi í ṣẹ̀sín. “Ìyá Òṣùwọ̀n, ẹ bá wa wọn afẹ́fẹ́ díẹ̀!”

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, iyọ̀ oníhóró tí a ń lò tán. Èyí tó wà nínú àpò tuntun kúnná bí ìyẹ̀fun. Olórí alásè kígbe láti ìdí ààrò pé, “Ife mẹ́fà! Kíá!” Ẹ̀gbọ́n mi gbé ife mẹ́rin wá fún mi.

“Mẹ́fà ni mo ní!”

“Ẹ̀yin ní mẹ́fà, ọ̀gá. Iyọ̀ yìí ní mẹ́rin.”

Ó ṣàlàyé fún un. Hóró iyọ̀ àtijọ́ tóbi, àlàfo ló kún àárín wọn. Ife rẹ̀ kan kò ju ọgọ́sàn-án gíráàmù lọ. Tuntun yìí dì pọ̀. Ife kan jẹ́ igba ó lé àádọ́rin. Mẹ́fà àná àti mẹ́rin òní, ọgbọọgba ni wọ́n. Àwọn tó sì máa jẹ búrẹ́dì yìí ni àwọn alárùn ọkàn tí dókítà ti kìlọ̀ iyọ̀ fún.

“Ife ni ife!” ni olórí alásè wí.

“Ẹ fi bu òwú, kí ẹ tún fi bu òkúta, ká wò ó.”

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ máníjà. Aago ọwọ́ rẹ̀ ló wò, kò wo òṣùwọ̀n. “Màmá, ẹ bu iyọ̀ yẹn pé, tàbí kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kí ẹ máa lọ sílé.”

Iṣẹ́ yìí ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń tọ́ ọmọ mẹ́ta látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Mo fà á láṣọ. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn.”

“Fi mí sílẹ̀ jàre!”

Ó fárígá. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fi bírò lé e. “Kọ́kọ́rọ́ rèé, sà. Iye tí iyọ̀ wọ̀n ló wà lókè yẹn. Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ ní ká bu mẹ́fà, kí ẹ fọwọ́ sí i. Màá lọ.”

Máníjà mú bírò. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó na bírò sí olórí alásè. Olórí alásè ní ìyẹ̀fun ló wà lọ́wọ́ òun. Irọ́ gbuu! Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Èmi ni mò ń po ìyẹ̀fun.

Inú bí mi gan-an. Mo gbé ife mẹ́rin náà, mo dà wọ́n sínú ìyẹ̀fun lójú gbogbo wọn.

“Ta ló ní kí o dà á?” ni máníjà bi mí.

“Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà. Ẹ kọ orúkọ tèmi náà síbẹ̀.”