Ẹ Bá Mi Kí Fọlákẹ́

Bí mo bá tilẹ̀ gbàgbé gbogbo ọjọ́ yòókù, n kò lè gbàgbé ọjọ́ tí mo mú ìyá mi lọ gba físà ní Kùtọ̀nú, nítorí orílẹ̀-èdè tí ẹ̀gbọ́n mi Fọlákẹ́ ń gbé kò ní ẹ́ḿbásì ní Nàìjíríà. Fọlákẹ́ ti bímọ níbẹ̀, ìyá mi kò sì tíì fọwọ́ ara wọn wẹ ọmọ náà.

Kí a tó gbéra, ọ̀gbẹ́ni tó ń bá wa ṣètò físà ní àdúgbò Bọ́ládé, tó wọ kóòtù nínú oòrùn kí a lè mọ̀ pé òun ti rí òkè òkun, ti kìlọ̀ fún wa.

“Mọ́mì, físà ìgbafẹ́ la fẹ́ gbà. Ẹni tó ń lọ gbafẹ́ kì í ṣàárò ẹnikẹ́ni. Ẹ má dárúkọ ọmọ o.”

Báyìí ni obìnrin tí gbogbo Ire-Akari ń pè ní Ìyá Fọlákẹ́ ṣe di ẹni tí kò mọ Fọlákẹ́.

Nígbà tó kàn wá ní ẹ́ḿbásì, òyìnbó tó ń fọ̀rọ̀ wá àwọn èèyàn lẹ́nu wò béèrè ohun tí ìyá mi fẹ́ lọ wò. Wọ́n ka afárá, ààfin àti òkè oníyìnyín bí ọmọ ilé-ìwé tó há iṣẹ́ rẹ̀ sórí. Òyìnbó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti tó. Inú mi dùn. Ìyá mi dìde, wọ́n kúnlẹ̀ dúpẹ́.

“Ẹ ṣé, sà. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ bá mi kí Fọlákẹ́.”

Ògbufọ̀ òyìnbó náà, ọmọ Kétu kan, túmọ̀ rẹ̀ láìyọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

“Ta ni Fọlákẹ́?” ni òyìnbó béèrè.

“Ọmọ mi ni.”

A kúrò níbẹ̀ láìrí físà gbà. Inú ṣì ń bí mi nígbà tí a kọjá ẹnu ibodè ní Sẹ̀mẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìyá mi fọwọ́ kàn mí.

“Ṣùgbọ́n òyìnbó yẹn á bá mi kí i, àbí?”

“Á kí i, màámi.”